Ọdún Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Ń Pe Àwọn Tí Kò Fẹ́ Kí A Pè Wọ́n

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kan ní Markham, lẹ́bàá Toronto ní Canada, ní kí àwa àgbà tá a ti fẹ̀yìn tì wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tá a ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n fún wa. Ẹni tó ṣe akáńtì sọ tiẹ̀, ẹni tó wa tírélà sọ tiẹ̀. Nígbà tó kàn mí, alága fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Alhaji, ẹ ṣáà sọ pé nọ́ọ̀sì ni yín. Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé kọjá ibẹ̀." Mo ṣe bó ṣe wí. Mo sọ nípa abẹ́rẹ́, mo sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, mo jókòó. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Sir, which department were you in?" Mo ní, "Gbogbogbòò." Irọ́ ni. Inú ń bí mi délé lọ́jọ́ náà, ara mi ni mo sì ń bínú sí, torí ọmọ tó ń ronú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe láyé bi mí ní ìbéèrè gidi, èmi àgbà sì fi irọ́ dá a lóhùn.

Ó dáa, ẹ gbọ́ òótọ́ rẹ̀ báyìí. Orúkọ mi ni Sulaimon. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn ìbálòpọ̀ láàárín ìlú Toronto, àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mo tọ́jú. Iṣẹ́ tèmi gan-an níbẹ̀ ni pípe èèyàn. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹnì kan ní àrùn, a ó bi í pé àwọn wo ló ti bá lò pọ̀. Èmi ni n ó wá gbé fóònù, n ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò, mi ò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó fún mi ní nọ́ńbà wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló ń fẹ́ gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ṣe a'udhu billahi báyìí, ẹ ń sá di Ọlọ́run. Ẹ ṣe é tán, kí ẹ padà wá máa kà á lọ.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe ríṣẹ́ ní Canada ò gùn: mo fi ọdún méjì kó ẹrù sínú tírélà ní Woodbridge, mo ṣe ìdánwò, mo yege, mo wáṣẹ́ káàkiri, kílíníìkì yìí nìkan ló pè mí. Kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ipò náà ni. Owó oṣù rẹ̀ ò burú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Miss Dorothy, ọmọ Jamaica, obìnrin kúkúrú tí kì í gbóhùn sókè. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí kògbóògùn, ìyẹn éèdì, ń pa àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó ti lọ síbi ìsìnkú àwọn kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló wá, tí bàbá àti ìyá wọn ò yọjú. Kò sọ ọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn òun kí n máa wò. Bàbá òyìnbó kan wọlé, ó tó ẹni àádọ́rin ọdún. Miss Dorothy bi í pé ẹni mélòó ló bá lò pọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á. Ọwọ́ kan ò gbà á, ó bọ́ sí ìkejì. Mo ní, "Astaghfirullah." Mo rò pé inú ni mo ti sọ ọ́, àṣé ẹnu ni. Bàbá náà wò mí, ó bi Miss Dorothy pé, "Kí ló wí?" Ojú Miss Dorothy ò yí rárá. Ó ní, "Ó ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun pẹ́ dé iṣẹ́ lónìí." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Bó ṣe jáde, obìnrin yìí kọjú sí mi. "Máa lọ sílé. Lọ wo ojú rẹ nínú dígí. Bí mo bá bi èèyàn ní ìbéèrè, ojú rẹ ló ń ṣèdájọ́ rẹ̀ kó tó lanu. Tó o bá ń bọ̀ lọ́la, gbé ojú mìíràn wá."

Òótọ́ ló sọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi dúró níwájú dígí ilé ìwẹ̀ láràárọ̀, mò ń bi ara mi láwọn ìbéèrè tí ẹnu mi wúwo láti sọ, mò ń wò ó bóyá ìpéǹpéjú mi ń gbéra. Ìyàwó mi, Sikirat, kanlẹ̀kùn. "Bàbá Rafiat, kí lẹ ń wò láti àárọ̀?" Mo ní irun imú mi ló gùn.

Lẹ́yìn ojú ló kan ohùn. Fún oṣù mẹ́rin kí n tó pe ẹnikẹ́ni, Miss Dorothy máa ń lọ jókòó sí yàrá kejì, èmi á pè é, òun á sì gbé fóònù bíi pé òun ni oníbàárà. Lónìí, á jẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Lọ́la, á jẹ́ ẹni tó ń sunkún. Lọ́túnla, á bú mi, á bú ìyá mi. Bí mo bá dárúkọ àìsàn kí n tó mọ̀ dájú pé ẹni tí mò ń wá ló ń bá mi sọ̀rọ̀, á fi bírò gbá ògiri, pà! Ká tún bẹ̀rẹ̀ látorí hẹ̀lóò. Gbogbo "ẹ̀n-ẹ́n" mi ló yọ kúrò. "Sorry o" mi ló yọ kúrò.

Ó ní, "Lórí fóònù yìí, ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni. O ò nílùú, o ò lẹ́sìn, o ò bímọ. Tí wọ́n bá lè mọ ẹni tó o jẹ́, wọ́n á máa ronú pé ìwọ náà mọ ẹni táwọn jẹ́."

Ó dùn mí. Èmi tí wọ́n fi ìkíni tọ́ dàgbà, kí n pe èèyàn láàárọ̀ kí n má bi í bóyá ó jí dáadáa? Ṣùgbọ́n àìgbọ́n kọ́ ló gbé mi dé Canada. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn tí mo ń pè máa ń bi mí bóyá ẹ̀rọ ni mí.

Kí n sọ nípa àwọn tí mo bá pàdé. Irú èèyàn tí mo kọ́kọ́ rò pé a ó jọ máa jà jù ni àwọn tó ń gbowó: àwọn tó ń fún ọkùnrin ní masáàjì nínú condo tí wọ́n háyà, tí iṣẹ́ wọn sì máa ń kọjá masáàjì. Mo ti múra àtiwáàsí fún wọn nínú ọkàn mi. Rui ló pa á mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ Brazil ni, ẹni ọdún márùndínlógójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí Church Street. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń wá fún àyẹ̀wò, kì í yẹ̀ ẹ́. Ó ní ìwé ẹ̀kọ́sáìsì kan tó ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, orúkọ tí wọ́n fún un o, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Bí àrùn kan bá jáde lára rẹ̀, á mú ìwé náà wá, á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi pè wọ́n. Àwọn èèyàn mi ni." Mo mọ àwọn lọ́yà tí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ni wọ́n ń bá a ṣe gan-an. Mo fẹ́ mọ irú àyẹ̀wò tí mo máa ṣe ni, ṣùgbọ́n èsì mìíràn ló fún mi. Ó ní àwọn kan ń wá fún ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ó ní àwọn mìíràn, wọ́n á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa tẹ èjìká wọn, wọ́n á sì máa sunkún. Ó ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n láti oṣù tó kọjá àfi bábà tó ń gẹ irun wọn. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo lẹ òwú mọ́ ọn lápá.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, káàdì ni wọ́n ń kọ, tí wọ́n ń tò sínú dúrọ́ọ̀ onírin, lẹ́tà sì ni à ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbé fóònù, nínú àpò ìwé funfun tí a ò kọ ibi tó ti wá sí lára. Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò kògbóògùn á lọ, á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wá gbọ́ bóyá òun máa yè tàbí kú. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka ti tó, kó tó mu omi tán èsì ti jáde. Oògùn tí ẹni tí kò ní in lè lò kó má baà kó o ti wà, èyí tí ẹni tó ní in ń lò tí kò fi ní kó o ran ẹlòmíràn náà ti wà. Mo rí àwọn tí Miss Dorothy rò pé òun máa sin, tí wọ́n wá ń fi fọ́tò ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn hàn mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìpè wá le sí i. Láyé àtijọ́ wọ́n á sọ fún mi pé, "John tó ń ta òdòdó ni." Nígbà tí ààpù tí wọ́n fi ń wá ara wọn lórí fóònù dé, wọ́n á fi fọ́tò àyà lásán hàn mí, kò lórí, kò lórúkọ. Ta ni n ó pè nínú ìyẹn?

Ní ìrọ̀lẹ́, n ó wọ tíréènì padà sílé wa ní Georgetown, ìrìn wákàtí kan ó lé. Sikirat á bi mí pé, "Ibi iṣẹ́ ńkọ́?" N ó ní, "Dáadáa ni." Ohun tó mọ̀ ni pé mò ń gba ẹ̀jẹ̀. Rafiat, ọmọ mi, á béèrè, "Anything interesting, Daddy?" N ó ní rárá. Mo ti lè di ọwọ́ ọkùnrin kan mú fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ nílé, mi ò lè sọ ọ́ ní mọ́sálásí, mi ò lè sọ ọ́ fún òkú ọ̀run. Iṣẹ́ kan wà tó ń mú kí èèyàn dá wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nínú yín, kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo dé ibi tí mo ti ṣubú. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo ti di àgbà, ó sì ku díẹ̀ kí Miss Dorothy fẹ̀yìn tì.

Àyẹ̀wò Rui jáde: sífílíìsì. Àrùn yìí, bí a bá tètè mú un, abẹ́rẹ́ ló ń gbọ́, kò sí wàhálà. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè sùn fún oṣù, fún ọdún, kó wá dìde lọ gun ojú. Mo ti rí ẹni tó fọ́ lójú nítorí rẹ̀. Rui gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ṣí ìwé ẹ̀kọ́sáìsì. Oníbàárà mẹ́fà. Mo pe márùn-ún, wọ́n wá. Ẹni kẹfà, "Sam" ló kọ sí i.

Mo pe Sam. Ó gbé e, mo bi í ní òyìnbó bóyá ó wà níbi tó ti lè dá sọ̀rọ̀. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Mo wá gbọ́ tó yí ẹnu kúrò lára fóònù, tó ń sọ fún ẹnì kan pé, "Ẹ ṣe sùúrù fún mi, mà, mò ń bọ̀."

Yorùbá! Yorùbá tó dán, ti ẹni tó dàgbà nílé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń pe èèyàn lórí fóònù yẹn, mi ò gbọ́ èdè mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ara mi yá gágá. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ fò lọ. Bó ṣe padà sórí fóònù, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ má fòyà rárá, ọmọ ilé ni mí. Ọ̀rọ̀ yìí ò le, a ó yanjú rẹ̀ láàárín ara wa."

Láàárín ara wa! Mo sọ ìyẹn fún ẹni tó jẹ́ pé àwa gan-an ló ń sá fún.

 Mo ń gbọ́ tó ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wrong number," ó pa fóònù. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Miss Dorothy. Mo ní inúure ni mo fi ṣe é, mo fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni. Ó wò mí títí.

"Inúure sí ta ni, Sulaimon? Ìwọ lo fẹ́ gbọ́ èdè rẹ. Ara rẹ lo ṣe lóore."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta. Ìbọ̀wọ́ ni mo ń kà ní yàrá ẹrù, ní ọjọ́ orí mi.

Mo bẹ Rui pé bí Sam bá yọjú, kó sọ fún un. Sam ò yọjú. Rui gbìyànjú nọ́ńbà títí, kò rí i. Ọjọ́ tó wá sọ fún mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ni 'pele'?" Kò fi ohùn sí i bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé níbo ló ti gbọ́ ọ. Ó ní Sam ló kọ́ òun. Ó ní Sam kì í bọ́ aṣọ ju ẹ̀wù lọ lọ́pọ̀ ìgbà, èjìká ló ń ní kí òun tẹ̀, á sì ní bí òun bá ti ń tẹ̀ ẹ́ kí òun máa wí i: pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ó ní ó máa ń sùn lọ síbẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tí à ń sọ fún ẹni tí nǹkan ń dùn ni. Mo wọ yàrá ẹrù lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn. A ń jáde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́sálásí tí à ń lọ nígbà náà, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Obìnrin àgbàlagbà kan ń wá bàtà rẹ̀, ọkùnrin kan lẹ́yìn mi sì ní, "Ẹ ṣe sùúrù fún mi, mà, mò ń bọ̀." Ohùn yẹn ni. Ẹsẹ̀ mi dúró.

Ẹni tí n ó máa pè ní Lukman ni. Kí n tètè sọ: mo ti yí orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ohun púpọ̀ mìíràn padà, débi pé àwọn tó ń bá a jẹun pàápàá ò lè dá a mọ̀. Kí n tó kọ ọ́, Rui bá mi bi í léèrè, ó sì gbà. Ẹ má wulẹ̀ máa wá a.

Mo ti mọ Lukman ní mọ́sálásí yẹn fún ọdún mẹ́ta, a ń bọ ara wa lọ́wọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, ó ti lé ní àádọ́ta, ó ń dá gbé. Gbogbo àwọn ìyá mọ́sálásí ló ń wá ìyàwó fún un, á rẹ́rìn-ín, á ní Ọlọ́run á ṣe é. Òun ló ń to àga, òun ló ń gbé àwọn arúgbó délé. Kò ní ẹbí kankan lórílẹ̀-èdè yìí àfi àwa. Láti bí oṣù méjì, mo ti ń rí i tó ń lo gíláàsì dúdú nínú ilé. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣe òun lójú. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo ṣọ́ ọ bó ṣe ń bu omi. Ẹ̀gbẹ́ ife ló ń da omi sí.

Àrùn náà ti gun ojú. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ó máa fọ́ ni.

Mo sá tọ Miss Dorothy lọ. Ó ní, "Ohùn lo fi mọ̀ ọ́n? O lè fi ohùn búra?" Mo ní mi ò lè búra, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ó ní, "O ò gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ lọ. O ti dẹ́rù bà á lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá tún lọ, á sá kúrò níbẹ̀, ojú á lọ, mọ́sálásí á sì lọ pẹ̀lú."

"Ṣé kí n máa wò ó kó fọ́ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. O lè sọ nípa àìsàn. O ò gbọ́dọ̀ sọ nípa ẹnì kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Rámádánì ti wọlé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, kí a tó ṣínu, wọ́n máa ń ní kí oníṣègùn kan wá sọ̀rọ̀ ìlera. Nígbà tó kan ọ̀sẹ̀ tèmi, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Lukman jókòó sí sàfù kejì, ìlà kejì láti iwájú, pẹ̀lú gíláàsì dúdú rẹ̀. Mo gba máìkì.

Mo ní, "Mi ò ní sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ dárí jì mí, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tan yín. Kílíníìkì àrùn ìbálòpọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí mò ń tọ́jú, ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbowó wà níbẹ̀, ẹni tó ń sanwó wà níbẹ̀, ẹni tó ń kírun wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi kọ́ ni láti dá wọn lẹ́jọ́." Ariwo bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó dá mi dúró. "Àrùn kan wà tó ń jẹ́ sífílíìsì. Ó lè mú ojú ṣú, kí èèyàn rò pé kọ̀ǹpútà ni tàbí ọjọ́ orí. Bó bá jẹ́ òun ni, ó ní oògùn, ojú á yè, ṣùgbọ́n kò gba ìfàsẹ́yìn rárá. Ẹni tó bá ń ṣe irú rẹ̀, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ lọ síbi tí wọn ò ti gbọ́ Yorùbá. Ẹ lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ ṣáà lọ lọ́la."

Lèmọ́mù nawọ́, wọ́n pa máìkì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Nínú Rámádánì!" Mi ò wo sàfù kejì, mo fi tipátipá di ojú mi mú.

A ṣínu. Sikirat ti din ọ̀gẹ̀dẹ̀ abọ́ ńlá méjì wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ ti gbogbo èèyàn, wọn ò fọwọ́ kan tiwa. Ó gbé abọ́ méjèèjì padà sínú mọ́tò bó ṣe gbé e wá, ó sì gbé e lé itan títí a fi dé Georgetown. Ó ní, "Ṣé torí pé kò ní yé mi lẹ ò ṣe sọ fún mi, àbí torí pé ẹ ò fọkàn tán mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Ó tó oṣù kan kó tó tún máa bi mí pé ibi iṣẹ́ ńkọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Rui pè mí sí ibi iṣẹ́. "Nọ́ọ̀sì, Sam pè mí. Láti ọsibítù." Mo di tábìlì mú. Ó ní ó ti lọ sí ìlú mìíràn lọ́jọ́ kejì tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ kan tó bà á lẹ́rù, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì ń fa oògùn sí i lára lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n bi í pé ta ni ẹbí rẹ̀ tí wọ́n lè pè, Rui ló dárúkọ. Òun nìkan ló ń lọ wò ó. Ojú kan yè pátápátá, ìkejì rí bàìbàì. Mo ní Alhamdulillah, mo sọ ọ́ lóhùn òkè, kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, Lukman bá mi níbi tí mo páàkì sí lẹ́yìn mọ́sálásí. Ó wò yíká kó tó sọ̀rọ̀.

"Alhaji, ẹ̀yin lẹ pè mí lọ́jọ́sí."

"Èmi ni."

"Ká ní òyìnbó lẹ sọ sí mi, ǹ bá ti wá lọ́jọ́ kejì."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ẹ forí jì mí." "Ẹ" ni mo fi bá a sọ̀rọ̀, èmi tí mo jù ú lọ.

Ó ní òun ti forí jì mí, òun sì dúpẹ́. Ó wá ní, "Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ máa ń wá dúró tì mí ní sàfù láti ìgbà tí mo ti padà dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró tì mí mọ́. Gbogbo wọn ti mọ iṣẹ́ yín. Ẹni tí wọ́n bá ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n á máa wò ó. Mi ò níbòmíràn, Alhaji. Ibí nìkan ni mo ní."

Mo ní mo gbọ́. Mo wọ mọ́tò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wakọ̀ láti Georgetown lọ sí Markham lọ kírun, ibẹ̀ ni mo sì ń lọ títí di òní. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé lèmọ́mù ibẹ̀ ló wù mí. Iṣẹ́ fóònù náà, mo padà sẹ́nu rẹ̀, mo ṣe é fún ọdún méje sí i, mi ò sì sọ Yorùbá sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá, wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n lọ, wọn ò mọ̀ mí.

Ọmọbìnrin tó na ọwọ́ sókè, bí o bá ń ka èyí: iṣẹ́ yìí dára. Ṣe é bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n má retí kí ẹni tó o bá gbà là wá kí ọ.

Sikirat ò bá mi lọ sí Markham. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní mọ́sálásí àtijọ́, ó sì sọ pé òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀gìnnìtìn tó kọjá, snow já bọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan débi pé mi ò rí ojú títì. Mo délé ṣáájú rẹ̀, mo sì ń rìn síwá sẹ́yìn nínú pálọ̀ títí tó fi ṣílẹ̀kùn.

"Báwo lo ṣe wálé?"

"Bọ̀dá Lukman ló gbé mi. Kò jẹ́ kí n dúró de bọ́ọ̀sì."

"Òun fúnra rẹ̀ ló wakọ̀? Nínú snow yìí? Ṣé ó ń ríran dáadáa?"

Ó ń gbọn aṣọ rẹ̀, ó yíjú wò mí. "Kí ló fẹ́ ṣe ojú ẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi. Mo jókòó tì í, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.